Ìrìn Wákàtí Mẹ́ta ní Oxford, Láàárín Áńgílíkà àti Àgùdà

Ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Aké. Ilé Àgùdà ni wọ́n bí baálé mi sí ní Campos, l'Ékòó, láàárín àwọn ọmọ ẹni tó ti Brazil padà. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí a ti fẹ́ ara wa, Reading la sì ń gbé báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a jọ máa ń jáde nílé ni. Tí a bá dé oríta, òun a yà sọ́tùn-ún, èmi a yà sósì. Àwọn ìbejì wa máa ń tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kan, wọ́n a tẹ̀ lé mi lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́jọ́ kan tí mò ń gé ẹ̀fọ́ nínú kíṣìnnì, Kẹ́hìndé bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń bára wọn jà sí gan-an?" Mo sọ ti Ọba Henry Kẹjọ àti ìyàwó tó fẹ́ kọ̀ sílẹ̀. Baálé mi gbọ́ láti pálọ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìyẹn nìkan kọ́ o." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí ni pé èmi náà kò lè sọ ìyókù fọ́mọ.

Ohun tó gbé wa dé Oxford nìyẹn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Póòpù Leo Kẹrìnlá kéde John Henry Newman ní Dókítà Ìjọ, ìyẹn olùkọ́ tí gbogbo Àgùdà lágbàáyé ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Àlùfáà Áńgílíkà sì ni ọkùnrin náà fún bí ogún ọdún kó tó yí padà. Baálé mi ní ká lọ wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti Reading kò gbà ju bí ìdajì wákàtí lọ. A wá amọ̀nà tó ń mú èèyàn káàkiri ibi tí ìjà ìjọ ti wáyé, a sanwó, a lọ ní ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ń ṣẹ́ wínníwínní.

Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ lọ, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín rí bíi tiwa. Mi ò ní fi orúkọ amọ̀nà náà síta torí mi ò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá arúgbó kan ni, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì. Owó rẹ̀ jẹ́ £22 fún àgbà, £10 fún ọmọdé. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá, ìrìn náà sì gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Màá sọ ohun tó mú un gba mẹ́rin, màá sì sọ ibi tí ìkarùn-ún gbà lọ.

Ìdí òpó ìrántí gíga tó wà ní St Giles ló ti pàdé wa, èyí tí wọ́n ń pè ní Martyrs' Memorial. Ère àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tí wọ́n dáná sun nígbà Ọbabìnrin Mary Kìíní, tó jẹ́ Àgùdà, ló wà lára rẹ̀: Thomas Cranmer, Nicholas Ridley àti Hugh Latimer. Ó ní ká kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Àwọn ọ̀rọ̀ náà sọ pé àwọn mẹ́ta yìí fara wọn sílẹ̀ fún iná nítòsí ibẹ̀, nítorí òtítọ́ tí wọ́n dì mú lòdì sí àṣìṣe Ìjọ Róòmù. Mo wo ojú baálé mi. Ó kàn ń kà á, kò sọ nǹkan kan.

Màmá náà jẹ́ ká kà á tán, ó wá bi wá pé ọdún wo la rò pé wọ́n kọ́ ọ. Gbogbo wa rò pé kò ní pẹ́ sígbà tí wọ́n sun wọ́n. Ó ní rárá, ọdún 1841 ló wà lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn iná náà. Newman àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sọ nígbà yẹn pé Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìjọ tí ọba kan dá sílẹ̀, pé ara ìjọ àtijọ́ àwọn àpọ́sítélì ni. Ní 1838, wọ́n tẹ ìwé tí ọ̀rẹ́ wọn Hurrell Froude fi sílẹ̀ kó tó kú, ọ̀rọ̀ tí kò dára ló sì sọ nínú rẹ̀ nípa Cranmer àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú bí àwọn èèyàn. Wọ́n dá owó, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tòótọ́ dá sí i, kí wọ́n lè rí ẹni tí kò ní dá. Òkúta tí a dúró sí ìdí rẹ̀ yẹn jẹ́ èsì nínú àríyànjiyàn àwọn alààyè ju ibojì àwọn òkú lọ. Èmi nìkan ì bá kà á, ǹ bá ya fọ́tò, ǹ bá kọjá lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé owó wa kò ní ṣòfò.

Láti ibẹ̀ a rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì St Michael at the North Gate. Nínú ilé ìṣọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ìlẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n Bocardo sí, ẹ̀wọ̀n ẹnubodè tí wọ́n ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Wọ́n ti wó ẹ̀wọ̀n náà tipẹ́, ìlẹ̀kùn yìí ló ṣẹ́ kù. Igi tó nípọn ni, ó ti dúdú, irin wà lára rẹ̀. Taíwò dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ó kéré." Lóòótọ́ ni. Èèyàn tó ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní Canterbury, tó fi adé lé ọba lórí, inú ibi tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kùn kékeré yẹn tì ló ń sùn.

Ní Broad Street, àgbélébùú kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́ sí àárín títì ló wà níbẹ̀, níwájú Balliol. Kẹ̀kẹ́ ń kọjá lórí rẹ̀. Kí màmá náà tó sọ̀rọ̀, ó pe àwa òbí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi wá bóyá kí òun sọ ọ́ tán lójú àwọn ọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. A ní kó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1555 ni wọ́n de Ridley àti Latimer mọ́ òpó kan náà. Latimer ti darúgbó, kò pẹ́ tó fi kú. Ti Ridley ni kò yá. Wọ́n ti to igi jọ jù nídìí rẹ̀, iná kò rí ọ̀nà gòkè. Ọkọ àbúrò rẹ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó tún ń kó igi lé e, ìyẹn tún wá bo iná náà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jóná tán kí iná tó dé àpò ẹ̀tù tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn. Ìka ẹsẹ̀ mi ká sínú bàtà mi. Baálé mi ṣí fìlà.

Ṣùgbọ́n ibí yìí ni àléébù àkọ́kọ́ wà. Ohùn màmá náà kò ròkè, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ìdajì ohun tó sọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ amọ̀nà.

Ibi tí ìrìn yìí ti tó owó rẹ̀, tó tiẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ, ni inú gbọ̀ngàn Divinity School. Ẹ óò san owó ìwọlé lọ́tọ̀, ẹ san án. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí ewé tó lọ́ mọ́ra. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn níbẹ̀ ṣáájú kí ìjọ tó pín. Ìbẹ̀ ni wọ́n kó àwọn mẹ́ta yìí wá ní oṣù Kẹrin ọdún 1554, ó ku ọdún kan àtààbọ̀ kí wọ́n tó dáná, kí wọ́n wá jiyàn. Cranmer ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Ridley ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Latimer ní ọjọ́ kejìdínlógún. Màmá náà ní ká jókòó. Ó yọ páálí mẹ́ta jáde nínú báàgì rẹ̀, ó kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí wọn, ó fi wọ́n ṣọwọ́ sáwọn ọmọ láti kà sókè.

Taíwò ka ti àkọ́kọ́: ṣé ara Kristi gan-an ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí àlùfáà bá ti ya àkàrà àti wáìnì sí mímọ́? Kẹ́hìndé ka èkejì: ṣé àkàrà ṣì ń jẹ́ àkàrà lẹ́yìn náà, àbí kò sí àkàrà níbẹ̀ mọ́? Ọmọ òyìnbó kan tó wà láàárín wa ka ẹ̀kẹta: ṣé ẹbọ ni Máàsì, tí à ń rú fún alààyè àti òkú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé àwọn Àgùdà ń bọ ère. Baálé mi náà gbọ́ láti kékeré pé àwa CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà), ìjọ ọba ni wá. Mo ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ ère tàbí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọba. Kò sí i nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ tábìlì Olúwa ni, láti òkè délẹ̀. Kí ló wà lórí rẹ̀? Ta ló yẹ kó dúró níbẹ̀? Kí ni ẹni tó dúró níbẹ̀ ń ṣe?

Màmá náà fi ìhà méjèèjì hàn wá láìyẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹ gbọ́ ti Àgùdà: Jésù sọ pé "Èyí ni ara mi", kò sọ pé èyí dà bí ara mi. Tí kì í bá ṣe ara rẹ̀, kí la ń kúnlẹ̀ fún? Ẹ wá gbọ́ ti Cranmer: Kristi ti gòkè re ọ̀run, ọwọ́ ọ̀tún Baba ló wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ara rẹ̀ rúbọ, ó sì tó. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ ń jẹ ẹ́ nínú ọkàn. Tí àlùfáà bá tún ní òun ń rúbọ lójoojúmọ́, ẹbọ ti Kálfárì ńkọ́? Baálé mi àti èmi kò wo ara wa. Oníkálùkù ń gbọ́ ohun tí òun gbà gbọ́ látẹnu àlejò, ní ọ̀nà tó dára ju bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ ọ́ fún ara wa nílé.

Kẹ́hìndé bi í pé, "Ta ló wá borí?" Màmá náà ní àwọn tó ń dájọ́ ti pinnu kí iyàn tó bẹ̀rẹ̀, èrò sì ń hó lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù náà lórí. Latimer ní òun ti gbàgbé èdè Látìn, ọjọ́ ogbó ti dé, òun kò lè jiyàn. Ó ní òun ti ka Májẹ̀mú Tuntun já lẹ́ẹ̀méje nínú ẹ̀wọ̀n, òun kò rí Máàsì níbẹ̀. Baálé mi ló wá bi í léèrè pé ńkọ́ àwọn Àgùdà tí Áńgílíkà pa? Ó dáhùn pé, "Ibẹ̀ la ń lọ yìí."

Holywell Street ló mú wa lọ. Àmì kékeré kan ló wà lára ògiri níbẹ̀ fún àwọn Àgùdà mẹ́rin tí wọ́n so kọ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1589, nígbà Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Fadá méjì ni, George Nichols àti Richard Yaxley, pẹ̀lú Thomas Belson àti Humphrey Pritchard. Òfin ọdún 1585 ti sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kí ẹni tó gba oyè àlùfáà lókè òkun tún padà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó gbà wọ́n sílé náà, ikú ni. Pritchard kì í ṣe fadá, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọmọ ilẹ̀ Wales ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé èrò. Ìtàn sọ pé wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí igi pé kò mọ ìtumọ̀ Àgùdà tó ń kú fún, ó sì dáhùn pé ohun tí òun kò lè fi ẹnu ṣàlàyé, òun yóò fi ẹ̀jẹ̀ òun jẹ́rìí sí i.

Ìyá baálé mi kò ka ìwé. Ilẹ̀kẹ̀ rósárì rẹ̀ ti bó lára ní ibi tí ìka rẹ̀ máa ń wà. Mo mọ ẹni tí mo rí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Pritchard.

Ó dùn mí pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré la lò níbẹ̀. A lo ìdajì wákàtí ní Broad Street. Òpó ńlá ni tọ̀hún, àmì ara ògiri ni tibí, kò wá yẹ kí amọ̀nà náà tún fi àkókò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. Mo sọ ọ́ fún un nígbà tó béèrè èrò wa. Ó gbà.

Ibùdó tó gbẹ̀yìn ni University Church of St Mary the Virgin, ní High Street. Gbogbo ìjà náà ló ti kọjá nínú ilé kan yẹn. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta ọdún 1556, òjò ń rọ̀, wọ́n bá mú Cranmer wọ inú ibẹ̀ kí wọ́n tó lọ sun ún. Ó ti fọwọ́ sí ìwé lẹ́ẹ̀mẹfà pé òun ti jáwọ́ nínú ẹ̀kọ́ òun. Wọ́n fẹ́ kó tún un sọ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ òpó òkúta kan kí wọ́n lè gbé pákó tí yóò dúró lé síbẹ̀. Ojú gígé náà ṣì wà. Mo ti ìka mi bọ̀ ọ́, ó gún régé, ó tutù. Ibẹ̀ ni ó dúró sí tó ní òun kò jáwọ́, pé ọwọ́ tó kọ ìwé yẹn ni yóò kọ́kọ́ jóná. Bí wọ́n ṣe sáré mú un dé ìdí iná, ọwọ́ ọ̀tún ló nà síwájú.

Òun yìí náà ló ṣe Ìwé Àdúrà lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 1549. Wọ́n fi í sínú ẹ̀kọ́ ìjọ náà lẹ́yìn rẹ̀ pé kò tọ́ láti máa gbàdúrà ní gbangba ní èdè tí ará ìjọ kò gbọ́. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ ìsìn òwúrọ̀ àti ti alẹ́ lórí, ní Yorùbá, látinú Ìwé Àdúrà tí Àjàyí Crowther túmọ̀. Ìyá àgbà ti baálé mi, èdè Látìn ló ń gbọ́ ní Máàsì títí di ìgbà ìpàdé ńlá Vatican ti 1962 sí 1965. Mo sọ fún baálé mi nídìí òpó yẹn pé ohun tí Cranmer kú sí, ìyá rẹ àgbà jẹ nínú èrè rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú Látìn ni Cranmer ti mú àdúrà yín." Màmá amọ̀nà ní òótọ́ lòun náà sọ: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn Komúníọ̀ wa, èyí tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó wẹ ìrònú ọkàn wa mọ́, ti wà nínú ìwé ìsìn Salisbury lédè Látìn tipẹ́ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń gba àdúrà Àgùdà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nínú ilé yìí kan náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1581, àwọn tó wá síbi ìpàdé yunifásítì bá ìwé lórí àwọn ìjókòó. Edmund Campion ló kọ ọ́, ọmọ Oxford tó ti di fadá Jésúìtì. Ìdí mẹ́wàá ló tò kalẹ̀ fún iyàn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá jà á ní gbangba. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé náà. Wọ́n mú un, wọ́n sì pa á ní Tyburn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Newman wá di àlùfáà ibẹ̀ ní 1828. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó ti ṣe akọ̀wé ẹ̀ka CMS ní Oxford, wọ́n sì yọ ọ́ ní 1830 torí ìwé kékeré kan tó kọ nípa ẹgbẹ́ náà. CMS yìí kan náà ló rán míṣọ́nnárì Henry Townsend wá sí Abẹ́òkúta ní 1843. Mo sọ fún màmá náà pé yunifásítì yín ló fi oyè dókítà dá Crowther lọ́lá ní 1864, ọdún tó di bíṣọ́ọ̀bù. Kò mọ̀ ọ́n. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kékeré jáde, ó ní kí n pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn ju ohun gbogbo tó sọ lọ.

Àlàyé tó ṣe nípa ìwé pẹlẹbẹ tí Newman tẹ̀ ní 1841, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà àádọ́rùn-ún nínú ọ̀wọ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà so pọ̀. Ẹ̀kọ́ Áńgílíkà kọkànlélọ́gbọ̀n, nínú mọ́kàndínlógójì, pe "ẹbọ àwọn Máàsì" ní àròsọ ọ̀rọ̀ òdì àti ẹ̀tàn tó léwu. Newman ní ẹ wò ó, àwọn Máàsì ló sọ, kì í ṣe Máàsì. Ó ní àṣà burúkú tí wọ́n ń hù nígbà yẹn ni ìwé náà ń bá wí, pé ẹbọ Máàsì fúnra rẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n kọ̀. Àwọn ọ̀gá yunifásítì bínú, wọ́n ní ó ń yí ọ̀rọ̀ po. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kí wọ́n dá ọ̀wọ́ ìwé pẹlẹbẹ náà dúró. Ní 1843 ó fi St Mary's sílẹ̀. Mo rí i pé ìbéèrè kẹta inú Divinity School náà ni, ẹbọ tàbí kì í ṣe ẹbọ, nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí wọ́n ti sun èèyàn sí i.

Ohun tí kò wà nínú ìrìn náà rárá ni ọdún 1896, ìgbà tí Póòpù kọ̀wé nípa oyè àlùfáà Áńgílíkà, àbùkù ńlá sì nìyẹn, torí òun ló kan àwa tó wà láyé. Èmi ni mo béèrè. Nígbà tí ìyá baálé mi kú, èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ títí dé òpin. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo tò láti gba Komúníọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò ní dárúkọ. Fadá bi mí níwájú pósí bóyá Àgùdà ni mí. Mo ní rárá. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi, ó kọjá sí ẹni tó kàn. Mo padà sáyè mi ní ẹnu òfìfo. Ọdún mẹ́fà rèé, ó ṣì ń dùn mí.

Màmá náà jókòó tì mí. Ó ní Póòpù Leo Kẹtàlá kọ̀wé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1896 pé oyè àlùfáà Áńgílíkà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé ìfijoyè ìgbà Ọba Edward Kẹfà ti yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé àlùfáà ń rúbọ. Bí kò bá sí àlùfáà, kò sí ara Olúwa lórí tábìlì wa lójú tiwọn. Ní 1897 àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury àti York fèsì lédè Látìn: tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ba oyè jẹ́, ìwé àtijọ́ ti Róòmù gan-an kò ní yè é. Ìbéèrè kẹta náà tún ni. Fadá ọjọ́ yẹn kò tẹ́ mi, ó dúró lórí ohun tó gbà gbọ́ bí Cranmer ṣe dúró. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kò pa oró náà, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ó ti wá.

Àbùkù kejì: wọ́n kọ orúkọ Newman gàdàgbà sórí ìpolówó, ṣùgbọ́n ìrìn náà kò dé Littlemore. A wọ bọ́ọ̀sì fúnra wa lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Abúlé ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ara Oxford báyìí. Ilé ẹṣin tí Newman sọ di ibùgbé ló wà níbẹ̀, àwọn arábìnrin Àgùdà ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Arábìnrin tó mú wa wọlé kò gba kọ́bọ̀, kò sì kánjú. Òun ló sọ ti alẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá ọdún 1845 fún wa. Dominic Barberi, fadá ará Ítálì, jókòó sórí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin nínú òjò fún wákàtí púpọ̀, ó dé ní òru, gbogbo ara rẹ̀ ń kán tótó. Ó ń yá iná kí aṣọ rẹ̀ lè gbẹ ni Newman wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, tó ní kó gbọ́ ìjẹ́wọ́ òun. Ọjọ́ kejì ló gbà á sínú ìjọ. Baálé mi, ọmọ Èkó, gbọ́ pé ọ̀mọ̀wé Oxford dọ̀bálẹ̀ fún àlejò tó rin gbingbin, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé àdúrà kékeré kan wà nínú ibẹ̀, ó ṣókùnkùn díẹ̀. Arábìnrin náà ní ká gbàdúrà tí a bá fẹ́. Àwa mẹ́rin kúnlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" ní Yorùbá. Nígbà tí a dé "gbà wá", baálé mi dákẹ́, ibẹ̀ ni tiwọn máa ń parí sí. Èmi ń bá a lọ, "nítorí ìjọba ni tìrẹ, àti agbára, àti ògo". Mo gbọ́ ohùn Taíwò pẹ̀lú mi. Kẹ́hìndé ti dákẹ́ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Wọ́n dúró lórí eékún wọn títí àwa méjì fi dé "Àmín", wọ́n sì bá wa ṣe é.

Bọ́ọ̀sì padà sí ìgboro kò pọ̀ lálẹ́ Sátidé. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.